Epo Ẹgbẹ̀rún Márùn-ún Náírà

Èmi, Salihu Àyìnlá, ọmọ agboolé Alábẹ́rẹ́ lẹ́yìn Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, télọ̀ aṣọ iléèwé, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí, ní orúkọ Ọlọ́hun tí ìṣirò Rẹ̀ kì í yẹ̀.

Orí mi pé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ lẹ́yìn mi pé àìsàn ló ń kọ ọ́. Láàárọ̀ òní, kí n tó mú bíírò, mo ṣírò aṣọ ọgọ́rin ọmọ iléèwé, yáàdì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo sì rí ogóje yáàdì láìlo ẹ̀rọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, pẹ̀lú ilé kéwú, ṣùgbọ́n téèpù kọ́ mi ní ìyókù. N kò gba lọ́yà. Èyí tí mo lọ bá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà ni òun yóò gbà. Irinwó náírà ni mo ra ìwé tí mo ń kọ èyí sí.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nìyí: Toyyib ọmọ mi ọkùnrin, Fawziyyah ọmọ mi obìnrin, àti ẹ̀gbọ́n mi Alhaji Hassan. Àwọn tí yóò mójú tó ìwé yìí ni Alfa Naeem, tó ń ṣáájú wa kírun ní mọ́sálásí agboolé, àti Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi ará Ọ̀mù-Àrán, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ti ń bá rán aṣọ iléèwé láti ọdún 1994. Mo yan Fọláránmi nítorí pé kì í ṣe ẹbí wa. Kò sí ohun tí yóò bá yín pín.

Ọkọ̀ Síẹ́nà mi ló mú mi kọ ìwé yìí. N kò fẹ́ kí ẹ tà á. Ẹgbẹ́ tó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó jiyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ gùn.

1. Ìsìnkú mi àti gbèsè

Aṣọ funfun tí ẹ ó fi dì mí wà nísàlẹ̀ àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọdún 2021 ni mo rà á, nígbà tí yáàdì kan ṣì jẹ́ ẹgbẹ̀rin náírà, mo sì ti gé e sí mẹ́ta bó ṣe tọ́. Ẹ má ra òmíràn. Ẹ má sì pa màlúù fún fídáù mi. Ẹ ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ nínú mọ́sálásí, kí ẹ pín másà àti omi fún àwọn tó bá wá, kí olúkúlùkù máa lọ sílé.

Nígbà tí ìyá yín Habeebah kú ní ọdún 2023, ẹ̀yin méjèèjì ná ₦1,340,000 sórí fídáù. Ìwé ìnáwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi: màlúù kan, ìrẹsì àpò mẹ́jọ, tẹ́ńtì mẹ́fà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì, bí ẹni pé Ọlọ́hun kò ní gbọ́ àdúà tí kò bá gba inú ẹ̀rọ kọjá. Obìnrin tí a kò rí ọkọ̀ gbé nígbà tó wà láàyè ni a rí màlúù pa fún nígbà tó kú.

Ní ti gbèsè, orúkọ ẹnì kan péré ló wà nínú ìwé gbèsè mi. Ó ń bọ̀ níwájú.

2. Ohun tí mo ní

Ilé tí mo kọ́, yàrá mẹ́fà: ₦14,000,000. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Tuntun: ₦3,000,000. Máṣíìnì mẹ́rin pẹ̀lú aṣọ tó wà nílẹ̀: ₦1,150,000. Àgùntàn mẹ́rin: ₦600,000. Owó tó wà ní báńkì: ₦850,000. Ọkọ̀ Síẹ́nà kan: ₦3,200,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦22,800,000.

Alfa Naeem ti ṣàlàyé fún mi pé nínú ẹ̀sìn wa, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní ènìyàn ló lè fi ìwé ìhágún fún ẹni tí kì í ṣe ajogún rẹ̀. Ìdá méjì tó kù, Ọlọ́hun ti pín in, ẹnu mi kò sí níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta tèmi jẹ́ ₦7,600,000. Ọkọ̀ náà kò tó ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ sí kóòtù láti sọ pé mo kọjá ààlà.

Ẹ lè máa bi ara yín léèrè bí mo ṣe mọ iye tí ògbólógbòó ọkọ̀ yóò tà. Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi, mo dùbúlẹ̀ sí yàrá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Toyyib mú oníṣòwò ọkọ̀ kan wọ agboolé. Ó rò pé mo ń sùn. Abẹ́ fèrèsé mi gan-an ni ọkọ̀ náà wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó tanná sí i, ó ní òun yóò san mílíọ̀nù mẹ́ta àti igba ẹgbẹ̀rún. Ó wá béèrè ìgbà tí òun lè wá gbé e. Toyyib ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mọ́tò yẹn ti gbó, bàbá tó ni ín náà ti gbó. Àwọn méjèèjì ò ní í pẹ́ kúrò nílẹ̀.” Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Láìjẹ́ tirẹ̀, ǹ bá san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà fún ẹni tí yóò bá mi díye lé e.

3. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù

Ìpín mẹ́ta ni. Toyyib gba méjì, Fawziyyah gba ẹyọ kan. N kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀.

Ká ní èmi ni mo ń pín in, kì bá rí bẹ́ẹ̀. Fawziyyah, mo rántí pé ìwọ lo wẹ ẹsẹ̀ ìyá rẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù, tí o fi àwọn ọmọ tìrẹ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ. Mo tún rántí pé ìwọ lo dábàá tẹ́ńtì mẹ́fà. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.

Toyyib, ₦700,000 tí mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù fóònù fún ọ ní Malete ní ọdún 2020, mo ti fi jì ọ́. N kò kà á mọ́ ogún. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé n kò gbàgbé iye rẹ̀.

4. Àwọn àgùntàn

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wọ inú ogún. Ọ̀kan nínú wọn yarọ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọjà kò ní san odidi owó lé e, ṣùgbọ́n mo ṣírò rẹ̀ ní odidi nítorí pé ó ń bímọ déédéé. Habeebah ló ń bọ́ ọ nígbà ayé rẹ̀. Bí Habeebah bá ń lọ sí Ọjà-Ọba láàárọ̀, àgùntàn náà yóò sìn ín dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń gbé e, yóò sì fúnra rẹ̀ padà wálé. Títí di òní, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ń lọ dúró síbẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìyẹn.

5. Ẹ̀gbọ́n mi

Níwọ̀n bí mo ti ní ọmọkùnrin, Alhaji Hassan kì í ṣe ajogún mi. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Láti inú ìdá kan nínú mẹ́ta mi, mo fún wọn ní ìborí ọkọ̀ Síẹ́nà náà, aṣọ líle tí òjò kì í wọ̀, tí mo rà ní ₦18,000 tí n kò sì lò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Mo ti kà á mọ́ iye ọkọ̀. Wọ́n fẹ́ràn kí ọkọ̀ wà lábẹ́ ìborí. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

6. Ọkọ̀ Síẹ́nà

Mo fi ọkọ̀ Síẹ́nà mi, aláwọ̀ eérú, tòkunbọ̀ tí mo rà ní ọdún 2015 lẹ́yìn tí mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án kó owó rẹ̀ jọ, fún Ẹgbẹ́ Ìrànwọ́ Aláìsàn ti ẹ̀yìn Ọjà-Ọba. Ènìyàn méje ni wọ́n. Wọn kò ní ọ́fíìsì, wọn kò ní pátákó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ra epo, wọ́n sì ń gbé aboyún, aláìsàn àti òkú láìgba kọ́bọ̀. Inú Ramadan tó kọjá ni ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì wọn kú. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn báyìí, aláìsàn kò sì lè dùbúlẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Àléébù ọkọ̀ náà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi nǹkan pamọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kì í ṣí láti inú. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ti kú. Ó ń mu ọ́ìlì, ìgò kan lóṣù méjì. Táyà mẹ́ta dára, ìkẹrin kò ní pẹ́. Bí ẹ bá tẹ́ àga ẹ̀yìn, ènìyàn lè na ẹsẹ̀ tán nínú rẹ̀. Mo ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ wò.

Nísinsìnyí, ìdí tí mo fi ṣe é.

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ náà, mo ṣe òfin kan lórí rẹ̀, gbogbo agboolé ló sì mọ òfin náà: ẹni tó bá fẹ́ kí n fi gbé òun lọ síbi kan yóò kọ́kọ́ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà epo lélẹ̀. Toyyib nìkan ni kì í san án, nítorí pé ọmọ ni.

Ní oṣù keje ọdún 2019, ní àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, Danjuma wá bá mi. Ilé kẹta sí tiwa ló ń gbé, kẹ̀kẹ́ ló ń wà. Ìyàwó rẹ̀ Jummai ń rọbí, kẹ̀kẹ́ sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní, “Bàbá Toyyib, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e dé ọsibítù.” Mo sọ òfin mi fún un. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà náà, lítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Láti ilé wa dé ọsibítù kò gba lítà kan. Mo mọ ìṣirò náà nígbà yẹn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ìyókù ni mo ń pè ní owó gbígbó ọkọ̀.

Ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba ló wà lọ́wọ́ Danjuma. Mo ní kó lọ wá ìyókù wá. Kò bú mi. Ó sáré, ó ya ilé mẹ́rin. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló lò kó tó padà. Igba-igba àti àádọ́ta-àádọ́ta ni owó tó kó dé. Mo jókòó sórí àga máṣíìnì mi, mo kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé owó wẹ́wẹ́ máa ń tan ènìyàn jẹ. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ́kọ́rọ́.

Mo wa wọ́n dé ibẹ̀. Ọmọkùnrin ni. Ó ti kú kí wọ́n tó gbẹ̀bí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó dá wa dúró. N kò dá owó náà padà. Danjuma kò béèrè rẹ̀.

Habeebah dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá nígbà tí mo ń ka owó náà. Ó rí mi. Kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ohun tó ṣe ni pé kò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta ló fi ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà, lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, lọ kí Fawziyyah nígbà tó bímọ, owó ara rẹ̀ ló sì fi ń san án. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, yóò ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi jẹ́ ọkọ rẹ̀. A ti jà lórí ìyọ̀ rí, a ti jà lórí ìyá mi, ohùn wa sì dé ìta. Ìjà yìí nìkan ni kò ní ohùn, òun nìkan ni kò sì parí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2023, ní agogo kan ọ̀sán, Habeebah ṣubú nínú ilé ìdáná. Apá òsì rẹ̀ kò gbé mọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọkọ̀ kò sí nílé. Toyyib ti gbé e lọ sí Malete láti Àlàmísì fún ìsọmọlórúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní òun yóò dá a padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tó dé, epo ti gbẹ nínú ọkọ̀, ó sì bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ pè mí ni?”

Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ̀ pé ní wákàtí ìrun Jímọ̀, kò sí kẹ̀kẹ́ lójú títì. Gbogbo àwọn tó ń wà á ló wà ní mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú agboolé kan náà, lábẹ́ ìborí rẹ̀, ogójì ìṣísẹ̀ sí ibi tí Habeebah dùbúlẹ̀ sí. Wọn kò lọ sí Jímọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta. Wọ́n ní, “Salihu, báàtìrì ẹ̀ ti kú. Ṣe sùúrù, kí àwọn ènìyàn dé láti mọ́sálásí.” Lẹ́yìn ìrun Ásárì ọjọ́ kan náà, ọkọ̀ tí báàtìrì rẹ̀ ti kú gbé Alhaji Hassan lọ sí ayẹyẹ wólímọ̀ ọmọ ọ̀rẹ́ wọn. Orúnkún náà sì gbà.

N kò ní ẹnu tí mo lè fi bú wọn. Wọ́n ń gbé agboolé kan náà pẹ̀lú mi nígbà tí mo ń ka owó Danjuma. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Danjuma ló gbé Habeebah. Lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀ ni òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló fà á. Ẹnì kan sáré lọ pè é ní mọ́sálásí. Ó jáde kúrò láàárín àwọn tó ń kírun, ó gbé bọ́ọ̀sì dé, òun ló gbé orí, èmi gbé ẹsẹ̀. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ti kọjá láti ìgbà tí Habeebah ti ṣubú kí a tó dé ọsibítù. Dókítà béèrè agogo tó ṣubú, mo sọ fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Habeebah lò níbẹ̀ kó tó kú. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí kò bá mi sọ fún ọdún mẹ́rin, ó gbé e lọ.

Ní ọjọ́ tí a gbé e dé ibẹ̀, mo mú owó jáde lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Danjuma ní, “Ẹgbẹ́ wa kì í gbowó, Bàbá Toyyib. Ẹ bá wa ṣàdúà.” Ká ní ó bú mi lọ́jọ́ náà, bóyá ǹ bá lè sùn.

Orúkọ Danjuma ló wà nínú ìwé gbèsè mi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má pe ọkọ̀ yìí ní sàráà nígbà tí ẹ bá ń kà á fún àwọn ènìyàn.

7. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀

Láti inú ìdá kan nínú mẹ́ta mi náà, mo fún Jummai ìyàwó Danjuma ní máṣíìnì dúdú ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦85,000. Kò gba iná, kò sì já òwú.

Jummai ti bí ọmọ méjì lẹ́yìn èyí tó kú, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Iléèwé tí mo ń rán aṣọ fún ni wọ́n ń lọ. Ìyá wọn kì í gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Télọ̀ kan ní òdì kejì ọjà ló ń bá a rán an, tó ń gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lé iye tèmi lórí aṣọ kan. Aṣọ méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni Jummai ń san lọ́dún kó má baà rí mi. N kò rò pé ó pọ̀.

Àròpọ̀ ohun tí mo mú nínú ìdá kan nínú mẹ́ta mi jẹ́ ₦3,285,000. Ó ku ₦4,315,000. Mo dá a padà sínú ogún ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹ má sọ pé mo fi ohun tó jẹ́ tiyín ta àdúgbò lọ́rẹ.

8. Ohun tí Alfa Naeem sọ

Ọjọ́ Àtìnì tó kọjá ni mo kọ ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí dé abala keje. Ní Àlàrùbá, mo kà á fún Alfa Naeem. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, ó wá ní, “Bàbá, ohun tó bá wà nínú agboolé lọ́jọ́ tí ẹ bá kú, ọwọ́ ẹni tó wà nílé ló máa kọ́kọ́ tó o. Ìwé yín dáa. Ṣùgbọ́n ìwé kì í wa mọ́tò.” Ó ní bí mo bá fẹ́ kó dá mi lójú, kí ẹni tí mo fún ní nǹkan gbà á sọ́wọ́ nígbà tí mo ṣì ń mí. Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi náà fara mọ́ ọn. Òun ló bá mi sáré ìwé ọkọ̀ tí a fi yí orúkọ padà. Ó ná mi ní ₦25,000, mo sì ti yọ ọ́ nínú owó báńkì. Kí ẹ kà á sí ₦825,000.

Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, ẹ má wulẹ̀ dìde lọ wo abẹ́ fèrèsé mi. Ọkọ̀ ti lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, ló jáde. Toyyib wà ní Malete. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n rí i bó ṣe ń jáde, wọ́n sì bi mí bóyá orí mi pé. Mo ká ìborí náà, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀.

Toyyib, bí o bá ti gba ohunkóhun lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀ yẹn, láti inú ìpín rẹ ni o ti máa dá a padà.

9. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí Danjuma wá gbé ọkọ̀, òun ló sì jẹ́ kí abala yìí wà.

Mo ní kó jókòó, ó ní òun kò ní pẹ́. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ méjèèjì àti ìwé ọkọ̀. Ó béèrè iye epo tó wà nínú rẹ̀. Mo ní ó tó lítà mẹ́wàá. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ owó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á sórí tábìlì máṣíìnì mi, igba-igba àti àádọ́ta-àádọ́ta, títí ó fi pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Epo yín nìyẹn, Bàbá Toyyib.” Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Mo ní kó kó o padà. Ó ní, “Òfin yín ni.” Ó wọ inú ọkọ̀, ó tanná sí i, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo fi owó náà rán ènìyàn sí i. Ó dá a padà, ó ní kí wọ́n kí mi.

Owó náà wà nínú agolo mílíìkì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. N kò ná an, n kò sì kà á mọ́ ohun ìní mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe nìyí. Ní ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ má yá ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìborí ọkọ̀ tiwọn nítorí mi. Ẹ pe Ẹgbẹ́ Ìrànwọ́ Aláìsàn. Bí wọ́n bá gbé Síẹ́nà náà dé, ẹ tẹ́ àga ẹ̀yìn. Ẹ gbé mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má tí ì gbé mi wọ inú ọkọ̀. Kí Alfa Naeem mú agolo náà wá, kó ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà sí ọwọ́ ẹni tó wa ọkọ̀ wá, lójú gbogbo yín.

Ní iye epo òní, lítà márùn-ún àti ààbọ̀ ni. Láti ilé wa dé itẹ́ òkú, àlọ àti àbọ̀, kò gba lítà méjì. Ẹ má béèrè ṣéńjì.

Kí Alfa má kánjú. Owó wẹ́wẹ́ ni, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sì gbà á ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ẹ jẹ́ kí n dúró.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìlọrin, ní ọjọ́ Àtìnì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025.

Salihu Àyìnlá, télọ̀

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ìbọwọ́lùwé mi ṣojú wọn:

Muhammad Awwal, alágbàfọ̀, ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi ní Ọjà Tuntun.

Bọ́sẹ̀dé, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní Ọjà Tuntun. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kò ka inú rẹ̀.